Máńgánísì: Ṣé Òótọ́ Ni Pé Ó Ń Fa Àrùn Jẹjẹrẹ?

Ohun tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ohun àjèjì, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ṣe àjèjì létí. Ta ni nínú wa tí kò tíì fọ́ bátìrì tọ́ọ̀ṣì rí, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní pile? Ìyẹ̀fun dúdú tí ó máa ń kun ọwọ́ ẹni, tí kì í fẹ́ lọ bí a tilẹ̀ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, máńgánísì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òun náà ni ó wà nínú permanganate, oògùn elésè àlùkò tí a ń rà ní ilé ìpoògùn láti fi fọ egbò tàbí láti fi ṣan ewé sàládì. Ó wà nínú irin tí a fi ń kọ́ ilé, ó sì wà nínú ọ̀pá tí àwọn soudeur wa fi ń jó irin mọ́ irin. Kódà, ó wà nínú àgbàdo, nínú ẹ̀wà, nínú tíì, àti nínú ọ̀pẹ òyìnbó tí ó ń ti Allada wá.

Ẹ̀rù sì ń bà wá nítorí ohun tí à ń gbọ́. Ẹlòmíràn a ní dúdú inú bátìrì ń fa jẹjẹrẹ. Ẹlòmíràn a ní ọkùnrin tí èéfín irin bá ti wọ inú rẹ̀, ọmọ tí yóò bí kò ní pé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ soudeur, oorun wo ni yóò sùn nígbà tí ó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? Nítorí náà ni a ṣe ní kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò: àwọn wo ni wọ́n wádìí rẹ̀, kí ni wọ́n rí, níbo gan-an ni ewu sì wà. A ó ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: kò tíì sí ẹni tí ó fi ẹ̀rí hàn pé máńgánísì ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí da bátìrì sẹ́bàá kànga o, nítorí pé ibòmíràn ni máńgánísì ti ń pa ènìyàn lára, ibẹ̀ kò sì fara sin.

Máńgánísì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà inú ilẹ̀, bí irin àti bàbà ti jẹ́. Ní ilẹ̀ Sweden ni Johan Gottlieb Gahn ti yọ ọ́ ní ògidì ní 1774, lẹ́yìn tí Carl Wilhelm Scheele ti fi hàn pé ohun tuntun kan wà nínú òkúta dúdú náà. Kò jìnnà sí wa pẹ̀lú. Ní Nsuta, ní ilẹ̀ Gánà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní 1916. Ní Moanda, ní ilẹ̀ Gabon, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ó sì wà nínú ilẹ̀ ní Nayéga, ní òkè Tógò lọ́hùn-ún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí àgbáyé ń wà ni wọ́n ń lò fún irin, kí irin lè le, kí ó má sì máa ṣẹ́.

Ara wa náà ń lò ó. Ìwọ̀n tí àgbàlagbà nílò lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bí mílígíráàmù 2 sí 3, oúnjẹ wa sì ń fún wa tó bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tí a jẹ, ìfun kì í gbà ju nǹkan bí 5 nínú 100 lọ. Èyí tí ó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ a kó o sínú òróòro, a sì bá ìgbẹ́ jáde. Ní 1970, Irwin Fridovich àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ohun kan tí ó ní máńgánísì nínú, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì kí atẹ́gùn tí ó ń fún un ní agbára má baà tún máa jó o. Irú rẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn. Ẹ rí i pé kì í ṣe májèlé lásán ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a kò bá ní in rárá, a kò lè wà láàyè.

Kí ni jẹjẹrẹ wá bá a dé? Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé ìrìbọmi ṣe àpẹẹrẹ. Bí ìwé ìrìbọmi bá gbó, akọ̀wé a dà á kọ sínú ìwé tuntun. Bí ó bá ṣi orúkọ kan kọ, ẹni tí yóò tún dà á kọ ní ogún ọdún sí i yóò ṣì í kọ bákan náà, nítorí ohun tí ó bá níbẹ̀ ni yóò kọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara wa. Òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA, tí Faransé ń kọ ní ADN, òun ni ó sì sọ bí ojú wa yóò ti rí, àti ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò pọ̀ àti ìgbà tí yóò dẹ́kun. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá fẹ́ di méjì, gbogbo ìwé náà ni yóò dà kọ. Bí àṣìṣe bá bọ́ sí ibi tí ó ní kí sẹ́ẹ̀lì dẹ́kun, ó lè máa pọ̀ láìdúró, ibẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà nínú àtọ̀ bàbá tàbí nínú ẹyin ìyá, ó lè dé ara ọmọ. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ àti ọ̀rọ̀ ọmọ tí kò pé jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tí àwọn olùwádìí sì ń bi ìbéèrè méjèèjì pọ̀.

Àwọn tí ń ṣe irú ìdájọ́ yìí dà bí àgbààgbà tí wọ́n jókòó ti ẹjọ́. Wọ́n máa ń pe ẹlẹ́rìí mẹ́ta: àwọn ènìyàn tí ohun náà ti wọ ara wọn, àwọn ẹranko tí a fi ohun náà bọ́, àti sẹ́ẹ̀lì tí a da ohun náà lé nínú ìgò. Ẹ̀rí ènìyàn ni ó wúwo jù, ẹ̀rí ìgò ni ó fúyẹ́ jù.

Ní ti máńgánísì, ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan sọ. Kò sí ìwádìí kan tí ó tẹ̀lé àwọn tí máńgánísì nìkan wọ ara wọn títí di ọjọ́ ogbó, tí ó sì kà pé iye báyìí ni jẹjẹrẹ mú. Àwọn tí máńgánísì ń wọ ara wọn jù, àwọn awakùsà, àwọn oníṣẹ́ irin àti àwọn soudeur, ohun mìíràn tún ń bá a wọlé sí wọn lára. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ń mu sìgá pẹ̀lú, sìgá sì ti ba ẹ̀rí jẹ́ nínú ẹjọ́ púpọ̀.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ soudeur gbọ́dọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ. CIRC ni orúkọ rẹ̀ ní Faransé. Wọ́n máa ń pín nǹkan sí ìsọ̀rí: ìsọ̀rí 1 ni èyí tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn, bí èéfín sìgá. Ìsọ̀rí 2A àti 2B ni èyí tí a fura sí, ọ̀kan ju ìkejì lọ. Ìsọ̀rí 3 ni èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tó láti dá ẹjọ́. Ní 1989 wọ́n fi èéfín iṣẹ́ soudeur sí 2B. Ní 2017 wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé e sí ìsọ̀rí 1, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ìmọ́lẹ̀ tí ń bù yẹ̀rì láti ibẹ̀ náà wà ní ìsọ̀rí 1, nítorí jẹjẹrẹ ojú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí i: èéfín náà lápapọ̀ ni wọ́n dá lẹ́bi. Irin wà nínú rẹ̀, máńgánísì wà níbẹ̀, nígbà mìíràn nickel àti chromium tí a ti mọ̀ sí oníjẹjẹrẹ tipẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó lè na ìka sí máńgánísì pé òun ni. CIRC kò sì tíì jókòó ti ẹjọ́ máńgánísì fúnra rẹ̀.

Ní tiwa, àlàyé yìí kò yí ohun tí ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ yóò ṣe padà. Ohun yòówù tí ó wà nínú èéfín náà, kí ó má fà á símú.

Ẹlẹ́rìí kejì, àwọn ẹranko, ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ní 1964, olùwádìí kan tí ń jẹ́ DiPaolo gún àwọn eku kékeré ní abẹ́rẹ́ máńgánísì kíloráìdì fún oṣù mẹ́fà, ó sì rí kókó jẹjẹrẹ lára àwọn wọ̀nyí ju lára àwọn tí a kò gún lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n kìkì àkópọ̀ kúkúrú ni ó tẹ̀ jáde, kò sí ẹni tí ó lè yẹ gbogbo iṣẹ́ náà wò fínnífínní, nítorí náà àwọn onídàájọ́ kò lè gbára lé e. Ní 1976, Stoner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gún irú eku kan ní máńgánísì sọ́lféètì, wọ́n sì rí kókó ẹ̀dọ̀fóró tí ó pọ̀ díẹ̀ sí i lára àwọn tí wọ́n fún ní ìwọ̀n tí ó pọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n irú eku yẹn, kókó ẹ̀dọ̀fóró máa ń hù lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un ní nǹkan kan. Àwọn olùwádìí máa ń yàn án nítorí pé ó tètè ń fi àmì hàn.

Ohun kan ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ní àwọn ọdún 1970 yẹn. F. William Sunderman ní Amẹ́ríkà ń fi èròjà nickel kan gún eku ńlá, èyí tí jẹjẹrẹ máa ń jáde nípasẹ̀ rẹ̀ láìyẹ̀. Nígbà tí ó da ìyẹ̀fun máńgánísì mọ́ ọn, ńṣe ni jẹjẹrẹ náà dínkù. Máńgánísì tí à ń fura sí wá di ẹni tí ń dí olè lọ́nà! Èyí kò sọ ọ́ di oògùn o, kí ẹnikẹ́ni má lọ lá bátìrì.

Ìwádìí tí ó tóbi jù lọ ni èyí tí ètò ìjọba Amẹ́ríkà fún àyẹ̀wò májèlé tẹ̀ jáde ní 1993. Wọ́n po máńgánísì sọ́lféètì mọ́ oúnjẹ eku ńlá àti eku kékeré, akọ àti abo, fún ọdún méjì gbáko, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé eku. Ìwọ̀n tí ó ga jù jẹ́ gíráàmù 15 nínú kílò oúnjẹ kan. Lára eku ńlá, wọn kò rí ẹ̀rí jẹjẹrẹ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíndìnrín àwọn akọ bàjẹ́. Lára eku kékeré, wọ́n rí kókó díẹ̀ nínú ẹṣẹ́ ọrùn tí à ń pè ní thyroid, kókó tí kò tíì di jẹjẹrẹ, ó sì pọ̀ díẹ̀ ju ti àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rí náà kò ṣe kedere, kò ṣeé gbé dúró, kò sì ṣeé jù nù.

Báwo ni ìwọ̀n yẹn ti pọ̀ tó? Akọ eku kékeré tí ó jẹ èyí tí ó pọ̀ jù gba nǹkan bí mílígíráàmù 1,800 ti èròjà náà lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan nínú ìwúwo ara rẹ̀. Bí a bá fi ṣírò ènìyàn tí ó wúwo tó kílò 60, yóò jẹ́ gíráàmù 108 lójoojúmọ́. Ẹ fi wé mílígíráàmù méjì mẹ́ta tí oúnjẹ ń fún wa. Kò sí ẹni tí yóò jẹ irú ìyẹn, àfi ẹni tí ó bá fẹ́ pa ara rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni ó mú ọ̀rọ̀ náà díjú. Akọ̀wé tí ń da DNA kọ nínú sẹ́ẹ̀lì, magnesium ni ó máa ń dì mú lọ́wọ́ bí kálàmù. Máńgánísì jọ magnesium, ó sì lè gba ipò rẹ̀. Bí ó bá gbà á, akọ̀wé náà kì í dúró, iṣẹ́ ń lọ, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Láti àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń rí èyí nínú ìgò. Ó dájú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé lónìí, bí àwọn onímọ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí àṣìṣe wọ inú ẹ̀dà DNA tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ tí apá kọ̀ọ̀kan ń ṣe, máńgánísì kíloráìdì ni wọ́n máa ń dà sí i.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí nìkan lè ní ẹjọ́ ti parí. Kò tíì parí. Nígbà tí wọ́n dán an wò lára kòkòrò àrùn tí ojú kò rí, ìgbà mìíràn àṣìṣe hàn, ìgbà mìíràn kò hàn. Lára ìwúkàrà, ó hàn. Lára eṣinṣin tí ń bà lé èso, kò hàn. Ní ilẹ̀ Índíà, ìwádìí méjì lára eku kò bá ara wọn mu: ní 1978, Dikshith àti Chandra fún eku ńlá ní ìwọ̀n kékeré lẹ́nu fún 180 ọjọ́, wọn kò rí ìbàjẹ́ nínú mùdùnmúdùn egungun tàbí nínú sẹ́ẹ̀lì tí ń di àtọ̀. Ní 1990, Joardar àti Sharma fún eku kékeré ní ìwọ̀n tí ó pọ̀ gan-an, ti máńgánísì sọ́lféètì àti ti permanganate, wọ́n sì rí i pé àwọn okùn DNA ń já.

Ìwọ̀n ni ó mú ìyàtọ̀ wá, lójú tiwa. Ìgò kò ní ìfun tí yóò kọ ohun tí ó pọ̀ jù, kò sì ní ẹ̀dọ̀ tí yóò kó o dànù. Ara ní ẹnubodè, ìgò kò ní. Bí wọ́n bá da máńgánísì bo ẹnubodè náà mọ́lẹ̀, ìbàjẹ́ a dé inú ilé. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀n inú oúnjẹ, ẹnubodè náà tó o ṣọ́.

Ibi tí ìdájọ́ wá dúró sí nìyí. Ní 1988, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó àyíká fi máńgánísì sí ìsọ̀rí D, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a kò lè sọ pé ó ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn tàbí pé kò fà á, nítorí ẹ̀rí kò tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí yé. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà a gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ń fi nǹkan pamọ́. Ẹni tí ń tajà gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n ti dá ohun náà láre. Kò sí èyí tí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Adájọ́ tí ó ní ẹ̀rí kò tó kò purọ́, kò sì tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. A rò pé ìyá soudeur tí a dárúkọ lókè lè fi èyí gba ìsinmi díẹ̀ ní ti ọmọ-ọmọ rẹ̀: kò sí ìwádìí kan tí ó fi hàn pé bàbá tí máńgánísì wọ ara rẹ̀ bí ọmọ tí kò pé nítorí rẹ̀.

Ọpọlọ ni ibi tí ẹ̀rí ti pé, tí kò sí àríyànjiyàn. Ní 1837, dókítà John Couper ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, kọ̀wé nípa ọkùnrin márùn-ún tí wọ́n ń lọ òkúta máńgánísì ní ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìyẹ̀fun ìfọṣọ-funfun. Ẹsẹ̀ wọn kò lágbára mọ́, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, ohùn wọn rẹlẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn. Ní ilẹ̀ Chile, àìsàn náà mọ́ àwọn awakùsà lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní wèrè máńgánísì. Ní àwọn ọdún 1960 ni Ismael Mena àti George Cotzias lọ yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tí ó bá mú a máa rẹ́rìn-ín tàbí sunkún láìnídìí ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ a gan bí ère, ara a le, a sì máa fi ìka ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí àkùkọ. Bí wọ́n tilẹ̀ mú un kúrò níbi iṣẹ́, ó lè má san, nígbà mìíràn a tún máa burú sí i.

Èéfín àti eruku ló burú jù ní ti èyí, nítorí pé ohun tí a fà símú kì í gba ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ kọjá kí ó tó dé ọpọlọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, bí aboyún àti àwọn ọmọ tí ibà ti jẹ ẹ̀jẹ̀ wọn, ìfun wọn ń gba máńgánísì ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí pé ara tí ń wá irin kiri ń mú máńgánísì mọ́ ọn. Ọmọ ọwọ́ sì wà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì mọ bí a ti ń lé e jáde dáadáa.

Nítorí ọmọ ọwọ́ yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe yí nọ́ńbà rẹ̀ padà ní ti omi mímu. Ní 2004 wọ́n kọ mílígíráàmù 0.4 nínú lítà omi kan. Ní 2011 wọ́n yọ nọ́ńbà náà kúrò, wọ́n ní ìwọ̀n tí a sábà ń rí nínú omi kò tó ohun tí à ń bẹ̀rù. Ní 2022 wọ́n dá nọ́ńbà padà, wọ́n sì fà á wálẹ̀ sí 0.08 fún ìgbà díẹ̀ ná, nítorí ọmọ tí a ń fi omi po wàrà agolo fún. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ni pé àwọn ìwádìí lára àwọn ọmọ ilé-ìwé ti jáde. Ní Araihazar, ní Bangladesh, ní 2006, àti ní Québec, ní Kánádà, ní 2011, níbi tí wọ́n ti dán ọmọ 362 wò, àwọn ọmọ tí máńgánísì pọ̀ nínú omi wọn kò ṣe dáadáa tó àwọn yòókù nínú ìdánwò òye.

Ìròyìn kan láti ilẹ̀ Japan, tí ó tẹ̀ jáde ní 1941, ni kí gbogbo ilé tí ó ní kànga gbọ́. Nǹkan bí 400 bátìrì ni wọ́n ti sin sílẹ̀ nítòsí kànga kan. Ènìyàn 25 mu omi rẹ̀. Ó rẹ wọ́n, ara wọn le, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, orí ẹlòmíràn dàrú, àwọn kan sì kú. Àwọn àgbàlagbà ni ó mú jù. Nígbà tí wọ́n wọn omi náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mílígíráàmù 14 ni wọ́n bá nínú lítà kan. Kò sí jẹjẹrẹ nínú ìtàn náà. Ọpọlọ ni.

Nítorí náà, ní ilé wa, bátìrì tí ó ti kú kò gbọdọ̀ sùn nítòsí kànga tàbí nínú oko ẹ̀fọ́, kò sì yẹ kí a jó o. Kí ọmọdé má fi eyín fọ́ ọ, kí a má sì fi í fún wọn ṣeré. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni wọ́n ti máa ń fọ́ bátìrì, tí wọ́n ń fi dúdú inú rẹ̀ kun pátákó ìkọ̀wé. A mọ̀ pé owó ọ̀dà ni ó fà á. Ṣùgbọ́n eruku ni yóò padà dà bí wọ́n bá ń nu pátákó náà, àwọn tí ó sì jókòó níwájú ni yóò fà á símú. Kì í ṣe máńgánísì nìkan ni ó wà níbẹ̀, zinc wà níbẹ̀, nínú bátìrì àtijọ́ sì rèé, mercury wà pẹ̀lú. Èédú tí a lọ̀ kúnná sàn ju èyíinì lọ, bí agbára ọ̀dà kò bá sí.

Soudeur kí ó ṣiṣẹ́ níta gbangba, kí afẹ́fẹ́ máa gbé èéfín lọ kúrò lójú rẹ̀, kí ó má tẹ orí bọ inú rẹ̀, kí ó sì máa bo ojú rẹ̀. Kí ìyàwó àti ọmọ má máa jókòó tì í. Ọ̀gá tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù nítorí oòrùn kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ní ti omi, bí omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ bá ń sọ aṣọ funfun di dúdú, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú sì ń wà nísàlẹ̀ ìkòkò, ó tó kí a gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Máńgánísì tí ó tó mílígíráàmù 0.1 nínú lítà kan lè ba aṣọ jẹ́, ìyẹn sì ti kọjá 0.08 ti ọmọ ọwọ́. Sísè omi kò mú un kúrò, bí omi bá sì ṣe ń gbẹ ni ó ń ki sí i. Fún ọmọ tí ó wà lẹ́nu ọmú, wàrà ìyá ni ó dára jù, máńgánísì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé permanganate fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ fi ń yọ máńgánísì kúrò nínú omi: wọ́n ti dán an wò lórí omi adágún Okpara, ní ilẹ̀ Benin wa níhìn-ín. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi ni ìyẹn, kì í ṣe ohun tí a ń ṣe nínú ìkòkò nílé.

Permanganate tí ó wà nínú ilé, kí ó wà ní òkè, kí ọwọ́ ọmọdé má dé e. Ẹyọ rẹ̀ ń jó ẹnu àti ọ̀nà ọ̀fun, kì í ṣe ohun mímu. Ẹyọ díẹ̀ nínú omi púpọ̀, títí omi náà yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ni ó tó láti fi fọ egbò. Bí ó bá dúdú bí omi aró, ó ti pọ̀ jù, ẹ da omi sí i.